Iyọ̀ Ẹnu Elisha

Iwájú gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti pe Elisha lólè, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí iyọ̀. Kì í ṣe wúrà. Kì í ṣe àpò kòkó. Iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ ni.

Ọdún 1985 ni, ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba. Ọjà ti gbẹ. Iyọ̀, ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ: ẹsẹ́ńkò ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, ìlà ni wọ́n sì ń tò kí wọ́n tó rí wọn rà. Ní ìkóríta Ọ̀rẹ̀, obìnrin tó bá rí iyọ̀ rà a pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, a fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun, kí ojú má baà rí i.

Ọ̀gá Ọláníran, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Odígbó, dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní àpò iyọ̀ ilé ìdáná àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ti dín sí ìdajì. Ó na ìka.

"Ẹ wo ètè ọkùnrin yẹn. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi."

Iyọ̀ ni wọ́n rí. Ó funfun ní igun ẹnu Elisha bí ẹfun tó kán sára ìkòkò.

"Ewúrẹ́ láàbù!" Ohùn kan ló ké láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bú.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Elisha, òun ló ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ náà, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní láàbù. Gabriel tó ń ṣọ́ sítóò ni Elisha ń wò. Gabriel ń wo bàtà ara rẹ̀. Gabriel mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìdajì àpò náà sínú búùtù ọkọ̀ àwọn ọ̀gá tó wá ṣe àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Ọ̀gá Ọláníran ló sì pa búùtù náà dé. Àwọn tíṣà mọ̀. Ọmọ kékeré tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ̀, Elisha náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá bá iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni olè. Ẹni tó gbé àpò lọ, àlejò pàtàkì ni.

Ajué ni wọ́n ti bí Elisha. Bàbá rẹ̀ ń gbin kòkó, ìyá rẹ̀ ń ṣe epo. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dẹ eku, ọ̀pọ̀lọ́ ni òun ń dẹ. Ó mọ ihò tí wọ́n ń sá sí nínú àbàtà. Ó mọ igbe akọ yàtọ̀ sí ti abo. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì rọ̀. Ó lè gbé ọ̀pọ̀lọ́ kí ó má tọ̀ sí i lọ́wọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Theresa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì tọ́ ọ dàgbà, pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́ kan àti Bíbélì lọ́wọ́ kejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló wá ọ̀pọ̀lọ́ wá sí ìlú láti yunifásítì. Àwọn yòókù kó òkú ẹran wá fún un. Elisha kó ogójì wá nínú apẹ̀rẹ̀, ogójì náà ló ń fò. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó bá òun lọ. Bó ṣe di òṣìṣẹ́ yunifásítì nìyẹn, tí ó sì lo ọdún méjìlá níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà rèé. Wọn a bọ́ awọ ikùn ọ̀pọ̀lọ́, awọ fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Wọn a nà án sí àárín ife gíláàsì méjì, bí ògiri láàárín yàrá méjì. Wọn a bu omi iyọ̀ kan náà sí ìhà méjèèjì, wọn a sì so wáyà mọ́ mítà. Èèyàn a rò pé kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé omi kan náà ló wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mítà a dìde. Awọ tó ti kúrò lára ẹran ṣì ń fa iyọ̀ láti ìta wọ inú, iyọ̀ náà ló sì ń gbé iná kọjá. Sódíọ̀mù ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Iyọ̀ ni Elisha ń pè é.

"Inú omi òjò ni ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé," ni ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún un. "Iyọ̀ inú omi òjò kò tó èyí tí ahọ́n lè mọ̀. Bí awọ rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n fà, yóò kú."

Ọdún méjìlá ni Elisha fi jókòó ti abẹ́rẹ́ yẹn. Ó mọ ìwà rẹ̀ bí ẹni mọ ìwà aládùúgbò. Bí ó bá mú iyọ̀ kúrò nínú omi ìhà ìta, abẹ́rẹ́ a wó. Bí ó bá mú pọtásíọ̀mù, ìyẹn ẹ̀yà iyọ̀ mìíràn tí ara ń lò, kúrò nínú omi ìhà inú, abẹ́rẹ́ a tún wó, nítorí pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Bí ọ̀kan kò bá padà, èkejì kò ní kọjá.

Oògùn méjì sì wà nínú ìgò kéékèèké, tí wọ́n ń fi yìnyín tọ́jú. Họ́mónù ni wọ́n ń pè wọ́n: ìránṣẹ́ tí ara ń rán sí ara. Abẹ́ ọpọlọ ni ti ìgò kìíní ti ń wá. Bí wọ́n bá kán an sínú ife, kí ènìyàn tó fa sìgá kan tán, abẹ́rẹ́ ti gbéra. Ti ìgò kejì ń wá láti inú kókó ẹran kékeré tó dé kíndìnrín lórí bí fìlà. Ìyẹn a máa lọ́ra. Wákàtí kan a kọjá, kò ní sí nǹkan kan. A máa sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọn a lọ jẹun. Elisha a jókòó. Nígbà tó bá yá, abẹ́rẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun òkè Ìdànrè, kò sì ní í dúró.

"Òun ló ń sọ fún kíndìnrín pé kó má jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ lọ," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Lára tìrẹ náà, Elisha. Bákan náà ni."

Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé lórí iṣẹ́ náà jáde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe mítà. Wọn kò dárúkọ ẹni tó mú ọ̀pọ̀lọ́, tó bọ́ awọ, tó jókòó nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun.

Ibẹ̀ ni ikọ́ ife ti mú un. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun sá. Péjú ìyàwó rẹ̀ ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, dókítà ní kó jìnnà sí i. Theresa ló ti Ajué wá. Oṣù mẹ́ta ló fi fọ àwo itọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti gbogbo rẹ̀, kò sì fi aṣọ bo imú rí. Ikọ́ náà lọ. Elisha padà sídìí abẹ́rẹ́.

Ní ọdún tí àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ògiri. Tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdún méjìlá parí sórí bébà kan tí òjò ń pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n fún un ní ife gíláàsì méjèèjì àti wáyà, Elisha fi aṣọ wé wọn, ó sì kó ìyàwó àti Moyọ̀sọ́lá ọmọ rẹ̀ wá sí Odígbó, níbi tó ti rí iṣẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì.

Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ó rù. Bó bá dìde lójijì, ayé a ṣókùnkùn, a di ògiri mú. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kì í sì í ṣe oòrùn, nítorí ilà àtẹ́lẹwọ́ pàápàá dúdú. Ọjọ́ kan ló rẹ́rìn-ín, Péjú sì rí i pé èrìgì rẹ̀ ti rí bí ọsàn àgbálùmọ̀ tó rà.

"Bàbá Moyọ̀, kí lẹ jẹ?"

"N kò jẹ nǹkan kan."

Iyọ̀ ló kàn. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ ń wá iyọ̀ bí ẹnu ọmọ ṣe ń wá ọmú. Ó bu díẹ̀ lá. Ojú rẹ̀ là. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ láì di ògiri mú. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ń lọ tò sí ìlà ní Ọ̀rẹ̀. Ó dákú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣọ́jà kan fi kòbókò jí i, ó ní ó fẹ́ fọgbọ́n já ìlà. Iyọ̀ tí wọ́n rí lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn, ẹgba ló fi rà á.

Elisha kò nílò ẹni tí yóò sọ ohun tó ń ṣe é fún un.

"Péjú," ó wí, "ìgò kejì ti tán lára mi."

"Ìgò wo? Ti kẹrosíìnì?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí ilé-ẹ̀kọ́ dá páropáro, ó mú un lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Ó to ife gíláàsì rẹ̀, ó na awọ ọ̀pọ̀lọ́ sáàárín wọn, ó bu omi iyọ̀ sí méjèèjì, ó so wáyà mọ́ mítà ilé-ẹ̀kọ́. Abẹ́rẹ́ dìde.

"Háà," ni Péjú wí. "Ta ló ń tì í?"

"Iyọ̀ ni."

Ó da omi iyọ̀ ìhà ìta nù, ó bu omi òjò sí i. Péjú rí i tí abẹ́rẹ́ ń wó, títí ó fi dùbúlẹ̀.

"Èmi nìyẹn," ni Elisha wí. "Oníṣẹ́ tó máa ń sọ pé kí ara di iyọ̀ mú, kò jíṣẹ́ mọ́. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni mò ń tọ̀ ọ́ dànù. Bí n kò bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

Péjú ń wo abẹ́rẹ́.

Ó ti gbìyànjú ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tó jókòó lórí àga dókítà lọ́jọ́ náà kò gbé ojú sókè. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò pa ẹni tó ń lá iyọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ náà wò, sà. Mo rò pé ó ti lọ sílẹ̀ ni."

"Ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?"

"Mò ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì, sà."

"Ìwọ tó ń fọ ìgò lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Má jẹ iyọ̀ mọ́. Ẹni tó kàn!"

Èyí ló wà nílẹ̀ tí wọ́n fi pè é lólè, tí wọ́n sì ní kó jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi pè é.

Ẹsẹ̀ ìròyìn yá ju ti alùpùpù lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Theresa ti dé. Ìyá Ìjọ ni nísinsìnyí nínú ìjọ kékeré kan ní Ajué, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n.

"Elisha, o sọ wá di ẹlẹ́yà. Ní Àgọ́ Aláyè pàápàá, wọ́n ń sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò jí iyọ̀ ẹnikẹ́ni. Àìsàn ni."

"Àìsàn wo ló ń jẹ iyọ̀? Ohun tó ń jẹ ọ́ ló ń jẹ iyọ̀. Wo bí o ṣe dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọjọ́ méje lórí àtẹ́, nínú ilé Olúwa. Bí ebi bá pa ohun náà, yóò jáde."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, àtẹ́ ni wọ́n ń sè fún un, ọbẹ̀ tí iyọ̀ kò kàn, nítorí wọ́n gbà pé iyọ̀ a máa ba oògùn jẹ́. Ìjọ dé, ó bá àṣà náà nílẹ̀, ó fi àdúrà sí i. Ó ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn, tàbí kẹ̀, wọ́n sàn fúnra wọn, wọ́n sì fi ọpẹ́ fún àtẹ́.

"N óò kú, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ò ní í kú. Àtẹ́ kò pa ẹnì kankan rí."

Elisha wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ tó fọ àwo itọ́ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ̀ fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Ó dìde, ó tẹ̀lé e. Theresa gbé agolo iyọ̀ ilé náà lọ, ó sì tú àpò ṣòkòtò àbúrò rẹ̀ wò bí ìgbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ń tú ẹrù onífàyàwọ́. Péjú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ mú àyà.

Ọjọ́ kìíní, ó gbé e. Ọjọ́ kejì, orúnkún rẹ̀ kò di ara wọn mú mọ́. Ọjọ́ kẹta, ó bì gbogbo ohun tó jẹ. Àwọn ìyá nínú ìjọ, tí àánú wọn pọ̀, gbé omi àgbọn àti ọsàn wá fún un kó fi tu ọ̀nà ọ̀fun. Elisha mọ̀ pé pọtásíọ̀mù ló kún inú wọn, èyí tí ara rẹ̀ kò lè tì jáde mọ́. Ó yí ojú sí ògiri. Wọ́n ní ohun náà ló ń kọ ọsàn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, kò lè gbé orí. Kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Ó ń rò ó lọ́kàn pé abẹ́rẹ́ ti ń dùbúlẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í.

Ohùn Péjú ló gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní iyọ̀."

"Ó ku ọjọ́ méjì, Péjú," ni Theresa wí.

"Ọjọ́ méjì dà? Ẹ wo ojú rẹ̀!"

"Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré."

Elisha gbọ́ tí ẹní dún. Péjú ti dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo rí i! Pẹ̀lú ojú méjèèjì ni mo rí i. Ó fi hàn mí. Ó mú iyọ̀ kúrò, abẹ́rẹ́ sì ṣubú, bí ẹ ṣe mú un kúrò lára rẹ̀ tí òun náà ṣubú. Ìyá mi, àdúrà kọ́ ni ẹ ń gbà yìí. Òkú ni ẹ ń tọ́jú."

Ariwo sọ nínú ilé Olúwa. Péjú tú etí ìró rẹ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan tó dì mọ́ ara láti Odígbó. Ó dà á sínú omi, ó fi ìka rò ó. Theresa di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi ni!"

"Ọkọ mi ni!"

Ọwọ́ méjèèjì wà lókè, ife wà láàárín wọn. Omi kan kán sí ètè Elisha. Gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀, ahọ́n ló kó o sí. Ó lá a.

Theresa rí ahọ́n náà. Ó jọ ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú sílẹ̀ fún un. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Péjú. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó sáré jáde lọ wá ọkọ̀.

Ọkọ̀ tó ń kó kòkó ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀rẹ̀. Péjú ń fi ṣíbí bu omi iyọ̀ sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà, nínú gbogbo kòtò. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ ti padà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń gbé omi kọ́ fún un. Elisha ka àkọlé ara ìgò omi náà. Àkọlé ìgò ni iṣẹ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣúgà nìkan nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá èyí tó ní iyọ̀."

"Ẹ gbọ́! Ta ni dókítà níbí, èmi ni àbí ìwọ?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe èmi. Ẹ pe dókítà."

Dókítà náà dé. Agùnbánirọ̀ ni, Fisáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, bàtà rọ́bà ló wọ̀. Ó tẹ̀ síwájú.

"Kí lẹ sọ, bàbá?"

Elisha sọ ọ́. Awọ, ife méjì, ìgò kejì, kókó orí kíndìnrín, ikọ́ ife. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó parí. Fisáyọ̀ ṣí ètè rẹ̀, ó wo èrìgì. Ó wo ilà àtẹ́lẹwọ́. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ fi oníyọ̀ kún un, kíákíá." Ó yí sí Péjú. "Ìyá, ta ló fún un ní iyọ̀ lójú ọ̀nà?"

"Èmi ni, mà."

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, òkú ni wọn ì bá gbé wá."

Theresa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ọ.

Oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ ìgò kejì kò sí nílé ìwòsàn, nítorí kò sí ohun tó wà nílé ìwòsàn nígbà náà àfi ògiri. Fisáyọ̀ wá èyí tó jọ ọ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan nítòsí gáréèjì. Ó ní kí Elisha máa lò ó lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kó sì máa jẹ iyọ̀ láì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ikọ́ àtijọ́ ló jẹ kókó ẹran náà kó tó lọ, ó ní. Nígbà tí Elisha máa jáde, Fisáyọ̀ kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: orúkọ àìsàn náà, ìdí tí ẹni tó ní i fi ń wá iyọ̀, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn.

Elisha gbé lẹ́tà náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá Ọláníran kà á sókè, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ó ní ọkùnrin yìí kò lè ṣe kó má jẹ iyọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí wo ló tún kù?"

Àwọn tí wọ́n jókòó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gabriel wà lára wọn.

"Ọ̀gá," ni Elisha wí, "ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣé òun ló fọ́ ìkòkò ni?"

"Má fi òwe dá mi lóhùn. O lè máa lọ."

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún méjì, bébà kan.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Elisha lókun, awọ rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ó ń mú ọ̀pọ̀lọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá bẹ̀ ẹ́. Theresa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò tọrọ àforíjì. Àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Agolo iyọ̀ ló máa ń gbé kalẹ̀ sórí tábìlì, a sì jókòó wò ó títí yóò fi jẹ ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Míìsì Monílọ́lá, tíṣà báyọ́lọ́jì tí wọ́n gbé wá láti Ìjẹ̀bú, wọlé tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn aláyẹ̀wò ti dé. Bí wọn kò bá rí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, wọn kò ní gbà kí àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù fáìfù ṣe ìdánwò níbí. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ni Ọ̀gá ṣèlérí fún wọn. Láti àárọ̀ ni a ti ń ṣe é, abẹ́rẹ́ kò mira."

"Báwo lẹ ṣe po omi iyọ̀ náà?"

"Ọmọ iṣẹ́ tuntun ló fi ọwọ́ bù ú."

Elisha gbin. "Ó ti pa awọ náà."

"Ẹ má lọ o," ni Péjú wí láti ìdí iná. "Ẹ jẹ́ kí ojú tì wọ́n."

"Ojú wọn kì í tì. Moyọ̀sọ́lá wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù, Péjú. Àwọn ọmọ ni yóò san án."

Ó mú ife gíláàsì rẹ̀ méjèèjì, ó mú apẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, ó lọ.

Àwọn aláyẹ̀wò mẹ́ta jókòó ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Elisha mọ̀ wọ́n. Ọkọ̀ wọn ló wà níta, búùtù náà nìyẹn. Ọ̀gá Ọláníran fò dìde.

"Áà, Elisha wa! Ọ̀gbóǹtarìgì wa rèé!"

Elisha kò kí i. Ó wọn iyọ̀ lórí òṣùwọ̀n, gíráàmù mẹ́fà àti ààbọ̀ fún lítà omi kan, ó fi pọtásíọ̀mù díẹ̀ sí i, ó fi kálísíọ̀mù díẹ̀ sí i. Ó bọ́ awọ tuntun. Ó nà án. Ó so wáyà. Àwọn ọmọ ń yọjú lójú fèrèsé.

Abẹ́rẹ́ dìde.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olórí àwọn aláyẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní èyí tó, ilé-ẹ̀kọ́ yege. Ó ní irú òṣìṣẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ọ̀gá Ọláníran ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bí àkọ́bí fún.

Elisha dúró títí olórí náà fi fi ọwọ́ sí ìwé. Nígbà náà ló mú ṣíbí. Ìyókù iyọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà lórí òṣùwọ̀n. Ó bù ú kún ṣíbí, ó gbé e sókè kí àwọn ọmọ ojú fèrèsé lè rí i, ó sì fi í sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò nu ètè.

"Ọ̀gá," ó wí, "ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí iyọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí máa kan ahọ́n mi. Ẹ ṣì lè kọ ọ́ mọ́ mi lọ́rùn. Ìdajì àpò tó lọ níjọ́sí, ẹ bi àwọn àlejò yín."

Olórí àwọn aláyẹ̀wò ń wo ìwé tó ti fọwọ́ sí. Gabriel, lẹ́nu ọ̀nà, gbé ojú kúrò lára bàtà rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ni Gabriel wí. "Èmi ni mo gbé e sí búùtù."

Elisha da omi inú ife rẹ̀ méjèèjì nù, ó fi aṣọ wé wọn, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Gabriel kọjá lọ sílé.